Ẹni Tó Ń Bá A Gbọ́

“Ibí yìí gan-an ló jókòó sí,” ni bàbá náà wí, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ etí adágún ẹja náà kí àwọn àlejò lè rí i. “Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, ó bú sẹ́kún. Ẹkún ẹja. Mi ò rí irú ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.”

Ó lóṣòó, ó ká ọwọ́ lérí, ó sì fi ohùn tín-ín-rín bí ti obìnrin ké pé, “Yéè, ẹja mi. Ẹ gbà mí, ẹja mi.” Alága ẹgbẹ́ àwọn olùsìn-ẹja fi ọwọ́ gbá itan, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Aránṣọ tó bá Alága wá, tí òun náà ní adágún kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń yọ láàárín ìka rẹ̀.

Ìyàwó bàbá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbé bàsíà dání. Ìyá Ẹlẹ́ja ni àdúgbò ń pè é, nítorí òun ló ni ẹja; ọkọ rẹ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi. Kò rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé ó sunkún lọ́jọ́ náà, ó ti di ọdún mẹ́rin báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pìtàn fo nǹkan méjì. Èkíní, òun fúnra rẹ̀ ló ti ẹnu páìpù afẹ́fẹ́ pa nígbà tó ń tún un ṣe, tó sì gbàgbé láti ṣí i padà, tí àwọn ẹja fi kú. Èkejì ni pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n sin ìyá obìnrin náà. Ilé kún fún èrò, omi ló ń gbé fún wọn, àga ló ń tò, kò ráyè sunkún. Ọjọ́ Sátidé tí ẹja kú ló tó rí ibi gbé ẹkún náà kalẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ mọ èyí. Òun náà ló gbá a mọ́ra létí omi lọ́jọ́ náà, tó ń sọ fún un pé, “Sun ún, sun ún kó tán.” Òun náà ló wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí níwájú àlejò. Obìnrin náà di bàsíà mú.

Alága kì í ṣe àlejò lásán. Ọgbọ̀n ilé ló ní adágún lẹ́yìnkùlé ní àdúgbò náà, ẹ̀rọ wọn kì í sì í yé bàjẹ́. Ẹgbẹ́ ti pinnu láti fi gbogbo ẹ̀rọ wọn sí abẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó mọ iṣẹ́, Alága sì wá fi ojú ara rẹ̀ wo bàbá yìí. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin náà ti fẹ̀yìn tì, kò tíì sí ohun tó wù ú tó bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó sì lọ bọ́tìnnì rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ilé iṣẹ́ omi, níbi tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Elétí-Ọfẹ́ ni wọ́n ń pè é. Yóò fi ẹnu súkúrúdiráfà gígùn kan ti ara ẹ̀rọ, yóò fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí, yóò sì sọ ibi tí àrùn wà kí ẹnikẹ́ni tó tú nọ́ọ̀tù kan. Àwọn ọ̀gá ńlá máa ń dúró tì í bí ìgbà tí wọ́n dúró ti dókítà. Ariwo àwọn ẹ̀rọ náà ló sì jẹ etí náà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì tó ti wà nílé, òsì náà ti tẹ̀lé e.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, làwọn àgbà ń wí, ti bàbá yìí sì ti di ẹnu: ẹnu ìyàwó rẹ̀ ló ń wò tó fi ń mọ ohun tó ń sọ, nítorí ẹnu tí èèyàn ti ń wò fún ogójì ọdún, kò sí bí kò ṣe ní mọ̀ ọ́n kà. Ti àwọn ẹlòmíràn le díẹ̀, nítorí náà òun ló máa ń sọ̀rọ̀ ṣáá níwájú wọn. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu gbogbo èèyàn, ta ni yóò ráyè bi í ní nǹkan? Wọ́n kàn ń pè é ní aláròyé ni, ìyẹn ò sì bí i nínú.

Ti ẹ̀rọ ló ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ní ọjọ́ kan, aládùúgbò kan gbé ẹ̀rọ wá, bàbá fi irin ti etí, kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀rù bà á, ó sì gbé ojú wo ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń jẹ irin ara rẹ̀ nínú. Ó fi ọwọ́ kan ọrùn. Bàbá ní, “Bẹ́árìn ọrùn rẹ̀ ti lọ.” Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Láti ìgbà náà, tí ẹ̀rọ kò bá dára, obìnrin náà yóò fọwọ́ kan ọrùn. Tó bá dára, yóò nu ọwọ́ sí aṣọ. Wọn kò jíròrò rẹ̀ rí. Wọn kò tilẹ̀ mẹ́nu kàn án lórí ibùsùn. Ó ti ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yìí, nígbà tí obìnrin náà ń fọ àwo, ó gbọ́ pé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ohùn náà tín-ín-rín, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Bẹ́árìn ni, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi há. Ó bá ọkọ rẹ̀ níwájú dígí, ó sì fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ kó lè wo ẹnu òun.

“Ẹ̀rọ yẹn ń...”

Bàbá ti yí ojú padà sí dígí. “Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọ́ ló yẹ kí n gbọ́ lẹ́nu rẹ lónìí,” ló wí, ó ń to kọ́là. “Lọ wá ohun tí àwọn àlejò máa mu.”

Ó lọ wá a. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé tó bá dé ìdí ẹ̀rọ, òun á fọwọ́ kan ọrùn, á mọ̀.

Wàyí o, ẹ̀rín àwọn àlejò ti rọlẹ̀, bàbá sì kó wọn lọ sí abẹ́ àtíbàbà tí ẹ̀rọ náà wà. Ó fi irin ti ara ẹ̀rọ, ó fi ìdí rẹ̀ ti ẹ̀yìn etí. Gbogbo wọn dákẹ́. Ó gbé ojú sókè, ó wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ìyá Ẹlẹ́ja wo ojú náà. Ẹ̀rín “yéè, ẹja mi” ṣì wà ní igun ẹnu ọkọ rẹ̀. Ó gbé bàsíà sílẹ̀, ó sì rọra nu ọwọ́ méjèèjì sí aṣọ rẹ̀.

“Ó dáa,” ni bàbá wí. “Ẹ̀rọ yìí ṣì ń mí bí ọmọge. Ọdún mẹ́ta sí i, kò ní mira.”

Alága tẹ́ etí. Ó yí wá sí iwájú bàbá, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. “Bàbá, ẹ má bínú o. Ó dà bíi pé mo ń gbọ́ tó ń ké.”

“Ké?” Bàbá rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. “Ọmọ mi, ẹ̀rọ tó ń ké kọ́ ló yẹ kó máa bà ọ́ lẹ́rù. Ẹ̀rọ tó ti kú ni kì í ké.”

Alága wo Aránṣọ, Aránṣọ sọ èjìká. Ta ni yóò bá Elétí-Ọfẹ́ jiyàn lórí ohun tí etí gbọ́? Wọ́n gbà. Alága tilẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní tó bá jẹ́ ti òun nìkan ni, iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó wá ń ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ti òun gan-an ti kú láti àná, pé ọwọ́ ni àwọn ará ilé òun fi ń lu omi kí ẹja má bàa kú.

Bàbá mú gbólóhùn méjì nínú rẹ̀, ìyẹn sì tó o. Ó tú ọ̀rá kúrò lórí ẹ̀rọ kejì tó wà ní igun àtíbàbà, èyí tí wọ́n fi pamọ́ de ọjọ́ tí èyí tó ń ṣiṣẹ́ bá kọṣẹ́. “Gbé èyí lọ,” ló wí. “Tèmi ò nílò rẹ̀. Tí mo bá ti wá tún tìrẹ ṣe, kí o dá a padà.”

Ohun tí obìnrin náà ní lọ́kàn ni pé kí ẹ̀rọ há lójú àlejò, kí ojú ti ọkọ òun, kí wọ́n sì gbé ìkejì sí i. Kò ro pé yóò gbé ìkejì fún ẹlòmíràn. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta epìyà ló wà nínú omi yẹn, wọ́n há mọ́ra, òun ló sì bọ́ wọn láti ìgbà tí wọ́n kéré bí èékánná. Tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ nínú oòrùn yìí, wọn kò ní lò tó wákàtí kan.

Bàbá tún gbé ojú wò ó. Kì í ṣe ìwò ìgbéraga mọ́. Ó ń bi í ni. Ṣé ó dá ọ lójú? Ọwọ́ obìnrin náà ti ń lọ sókè, ó ti dé àyà.

“Màmá, ẹ má sunkún o,” ni Aránṣọ wí. “Alága máa dá a padà.”

Ni gbogbo wọn bá tún bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ó rí ẹ̀rín, òun náà sì rín tirẹ̀, ó rín in ju ti gbogbo wọn lọ. Ọwọ́ Ìyá Ẹlẹ́ja sọ̀kalẹ̀ láti àyà. Ó nu ún sí aṣọ, iwájú àti ẹ̀yìn, bí ẹni pé ọwọ́ tó ti gbẹ kò tíì gbẹ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kejì sínú ọkọ̀ Alága, wọ́n lọ.

Bàbá gbé àga sí abẹ́ igi, ó kọ ẹ̀yìn sí adágún nítorí oòrùn, ó sì mú ìwé àti bírò. Ó ń kọ orúkọ ọgbọ̀n ilé náà sílẹ̀, èyí tí yóò dé lọ́jọ́ Ajé, èyí tí yóò dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ń kọrin sínú. Obìnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń gbọ́ bí igbe ẹ̀rọ náà ṣe ń le sí i. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan, ẹ̀rọ náà pariwo bí irin tí wọ́n wọ́ lórí àpáta, ó gbọ̀n, ó dákẹ́. Ìfóòfóò tó ń ru láti ìsàlẹ̀ omi náà dákẹ́.

Bàbá ṣì ń kọ orúkọ.

“Kó sáà yí orí padà,” ni obìnrin náà wí jẹ́ẹ́jẹ́. “Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

Kò yí i padà. Ojú omi tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tó ṣe, ẹja kan yọ ẹnu sókè, lẹ́yìn náà mẹ́wàá, lẹ́yìn náà gbogbo etí omi kún fún ẹnu, wọ́n ń ṣí, wọ́n ń pa dé, kò sí ìró kankan. Ó jókòó, ó ń wò wọ́n. Kí a má purọ́, ó dùn mọ́ ọn, bí ìgbà tí èèyàn bá ń họ ojú egbò. Ó ní kí ọkùnrin náà fi ojú ara rẹ̀ rí i, kó fi ojú ara rẹ̀ mọ̀ pé òun kò lè mọ ohunkóhun láìsí ẹni tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà tí ẹja àkọ́kọ́ yí ikùn sókè ni ara rẹ̀ tó ta. Ó sáré, ó gbé bàsíà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu omi.

Omi ta sí bàbá lọ́rùn. Ó yí padà, ó rí i, ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré lọ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rọ láti mọ̀ bóyá ó ń gbọ̀n, irin náà sì jó o débi pé awọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn.

“Ìgbà wo ló dákẹ́?” ló béèrè.

Obìnrin náà yọ ọwọ́ nínú omi, ó kọjú sí i dáadáa. “Ẹ ò gbọ́ ni?”

Bàbá wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí ojú ń tàn jẹ. Obìnrin náà tún un sọ, ó fà á gùn kó lè yé e. “Mo ní, ẹ ò gbọ́ ni?”

Bàbá mú bàsíà kejì, àwọn méjèèjì lu omi títí apá wọn fi kú. Obìnrin náà ti fi fóònù pe Alága, ṣùgbọ́n Alága ti so ẹ̀rọ náà mọ́ adágún tirẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó lè fún un. Nígbà tí wákàtí náà pé, ojú omi ti funfun fún ikùn ẹja láti etí kan dé èkejì.

Ọmọkùnrin wọn dé ní ìrọ̀lẹ́ láti ilé ìwòsàn, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Dáúdù ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí òun ni àkọ́bí. Ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń kó òkú ẹja sínú àpò. Ó wo omi, ó wo ẹ̀rọ, ó pòṣé.

“Màámi, ṣé ẹ ò gbọ́ pé ẹ̀rọ ń ké ni? Bẹ́árìn kì í kàn ṣàdédé há.”

Bàbá dúró pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́, ó ń wo ẹnu ìyàwó rẹ̀.

“Kí lèmi mọ̀ nípa ẹ̀rọ?” ni obìnrin náà wí. “Bàbá yín ló fi irin gbọ́ ọ níwájú àlejò, wọ́n ní ó dáa. Wọ́n tún gbé ìkejì fún Alága. Èmi kàn ń fọ àwo ni tèmi.”

Dáúdù kọjú sí bàbá rẹ̀. “Bàámi, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú ọkùnrin náà. Tó bá ní ìyàwó òun ló tan òun jẹ, wọn yóò béèrè bí obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ṣe lè tan ẹni tó fi irin ti etí jẹ, àṣírí etí rẹ̀ yóò sì tú; tó bá dákẹ́, òun ló jẹ̀bi. Ó wo ìyàwó rẹ̀ pẹ́. Obìnrin náà kò gbójú kúrò.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni bàbá wí. “Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bá ẹja kíkó lọ.

Dáúdù lọ wo ẹ̀rọ lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti béèrè ìgbà tí wọ́n fi òróró sí i kẹ́yìn. Kò gbọ́ èsì. Ó tún béèrè, ó sì gbóhùn sókè. Bàbá ń kó ẹja. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jí nínú Dáúdù. Ó rìn wá títí ó fi kù díẹ̀ kó kan ẹ̀yìn bàbá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sí ìdí etí òsì, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀tún. Bàbá kò bojú wẹ̀yìn.

“Láti ìgbà wo?” ló bi ìyá rẹ̀ léèrè.

“Mi ò mọ̀.”

Dáúdù kì í ṣe ọmọ burúkú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ láàárín aláìsàn. Ó mú bàbá rẹ̀ léjìká, ó yí i padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu gbàgà bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. “Bàámi. Ẹ ò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́. Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ̀-rọ. Ó tán.” Níbẹ̀ náà, níwájú rẹ̀, ló ti tẹ Alága láago. “Ẹ má bínú, sà. Bàbá ò ní lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Etí wọn ti di. Rárá, kì í ṣe òní, ó ti pẹ́. Ẹ bá wa sọ fún àwọn yòókù.” Bàbá ń wo ẹnu rẹ̀. A kò mọ èyí tó mú níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé orí àpótí náà fúnra rẹ̀.

“Màámi, ẹnu tiyín ni wọ́n mọ̀ ọ́n wò,” ni Dáúdù wí kó tó lọ. “Ẹ̀yin lẹ ó máa bá wọn sọ̀rọ̀ láti òní. Tí mo bá fẹ́ bi wọ́n ní nǹkan, ẹ̀yin ni màá pè.”

Ó wá ku àwọn méjèèjì nìkan nínú yàrá. Bàbá wẹ̀, ó jókòó lórí àga rẹ̀. Obìnrin náà mú ìpara ojú iná wá, ó jókòó sórí àpótí kékeré níwájú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí òun lójú. Adùn ọ̀sán ti lọ lára rẹ̀ pátápátá. Ìtìjú ló kù, àti àánú, ó sì fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀.

“Mo gbọ́ tó ń ké,” ló bẹ̀rẹ̀.

Bàbá wò ó dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ojú rẹ̀.

Kì í ṣe oorun. Ó jókòó gbọin, ó na ọwọ́ tó jóná sí i, ojú rẹ̀ sì dì pinpin. Obìnrin náà fọwọ́ kàn án lórúnkún. Kò ṣí i. Ó fi ìpara ra àtẹ́lẹwọ́ náà, ó ń sọ̀rọ̀ bó ti ń rà á, ó sọ ti bẹ́árìn, ó sọ ti ẹ̀rín Aránṣọ, ó sọ ti ìyá rẹ̀ tí wọ́n sin lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní kó dákun, kó la ojú, kó bú òun. Ìpéǹpéjú ọkùnrin náà kò mira. Nígbà tí ọwọ́ obìnrin náà kúrò lára tirẹ̀, ọkùnrin náà béèrè pé, “Ṣé o ti ṣe tán?” Obìnrin náà mi orí, ọkùnrin náà kò sì rí i.

Fóònù dún. Dáúdù ni.

“Màámi, ẹ bá mi bi wọ́n bóyá ọwọ́ yẹn ṣì ń dùn wọ́n.”

Ó wo ọkọ rẹ̀ títí, ojú náà kò ṣí.

“Wọ́n ní kò dùn wọ́n mọ́,” ni ó wí.